Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Fóònù Yín Lẹ́kun Kó Yé Ké Orúkọ Yín Kiri Ìgboro

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan lójú ọ̀nà Ìkòròdú, mo ṣí Wi-Fi orí fóònù mi láti wá hotspot àbúrò mi tó jókòó sẹ́yìn nínú dáńfó kan náà. Orúkọ mẹ́sàn-án ló yọ. Mẹ́rin jẹ́ orúkọ fóònù lásán, irú èyí tó máa ń wà lára rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Márùn-ún yòókù, orúkọ èèyàn ni. Ọ̀kan nínú wọn kọ orúkọ àbísọ pẹ̀lú orúkọ ìdílé pé pérépéré, ó sì fi "Nọ́ọ̀sì" ṣáájú. Obìnrin kan ṣoṣo ló wọ aṣọ nọ́ọ̀sì nínú ọkọ̀ náà. A kò kí ara wa, a kò wo ojú ara wa, síbẹ̀ nígbà tó fi máa bọ́ọ́lẹ̀, mo ti mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo sì mọ ibùdókọ̀ tó ń sọ̀ sí. Ohun tó dùn mí ni pé òun kò mọ̀ pé fóònù òun ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Látìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ará ilé mi jókòó, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ń ṣí fóònù wọn wò. Ohun tí mo ń bá wọn ṣe ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Kí ọwọ́ wa tó kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká mọ àwọn tó ń gbọ́. Fóònù tó wà ní títàn kì í dákẹ́. Ó ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tí a ń pè ní másìtì, sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ilé iṣẹ́ tó ni síìmù lè mọ ibi tí wọn yóò darí ìpè yín sí. Wi-Fi rẹ̀ ń wá ibi tí yóò so mọ́. Bluetooth rẹ̀ ń kéde ara rẹ̀. Àwọn áàpù inú rẹ̀ ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ni wọ́n. Etí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ohun tó dí ọ̀kan kò ní kó dí èkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á gba VPN kan, áàpù tó ń gba orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ mìíràn darí íntánẹ́ẹ̀tì yín, sórí fóònù, wọ́n á wá máa rìn bí ẹni tó lo àféèrí. Másìtì ẹ̀yìnkùlé wọn ṣì ń rí wọn kedere. Ẹ jẹ́ ká sì mọ̀ pé fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ yàtọ̀ sí fífi ẹni tó sọ ọ́ pamọ́. WhatsApp ń bo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ mọ́lẹ̀. Kò bo pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí, àti aago tí ẹ kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ orúkọ yín kúrò lára fóònù

Lórí Android, ẹ ṣí Settings, ẹ wá About phone, ẹ tẹ Device name. Lórí iPhone, ẹ ṣí Settings, General, About, lẹ́yìn náà Name. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ka sí ẹnì kankan síbẹ̀: Àgbàdo, Òkúta, B7. Kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, kì í ṣe ìnagijẹ tí gbogbo àdúgbò ń pè yín. Lẹ́yìn náà ẹ wọ ibi tí hotspot wà kí ẹ wò ó bóyá orúkọ tibẹ̀ náà ti yí padà, nítorí lórí ọ̀pọ̀ Android, hotspot ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kò bá sí spíkà tàbí íàpíìsì tí ẹ so mọ́ fóònù, ẹ pa Bluetooth.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ti síìmù yín pa

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa ráyè ṣe lónìí, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ ṣe.

Wọ́n já pọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbà nídìí ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Fóònù rẹ̀ ní páswọ́ọ̀dù, ìka rẹ̀ nìkan ló sì lè ṣí i, nítorí náà ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Àwọn olè náà kò tilẹ̀ gbìyànjú láti ṣí i. Wọ́n yọ síìmù, wọ́n kì í bọ inú fóònù kékeré oníbọ́tìnnì, wọ́n tẹ kóòdù báńkì. Káàdì ATM wà nínú pọ́ọ̀sì kan náà, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni wọ́n fi yí PIN padà. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́, owó ọjà tó ń tọ́jú láti oṣù mẹ́ta ti lọ. Nígbà tó dé báńkì, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé láti orí nọ́ńbà rẹ̀ ni àṣẹ ti wá, nítorí náà òun ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní, torí lójú ẹ̀rọ, ẹni tó bá di síìmù mú ni ẹ.

Páswọ́ọ̀dù fóònù kò dáàbò bo síìmù. Síìmù ní PIN tirẹ̀. Lórí Android, ẹ wá Security nínú Settings, ẹ wá SIM lock tàbí SIM card lock, kí ẹ tan án. Fóònù kọ̀ọ̀kan ní ibi tó fi í pamọ́ sí, nítorí náà ẹ lè kọ "SIM lock" sí ibi tí wọ́n fi ń wá nǹkan lókè Settings. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, Mobile Data tàbí Cellular, ẹ ó rí SIM PIN.

Yóò kọ́kọ́ béèrè PIN tó ti wà lára síìmù tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe méfò o! Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni síìmù. Bí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò ti ara rẹ̀ pa, yóò máa béèrè PUK, nọ́ńbà mẹ́jọ tó máa ń wà lára páálí tí ẹ yọ síìmù kúrò. Bí ẹ bá tún ṣi PUK lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù yẹn ti kú nìyẹn, ẹ ó lọ ṣe òmíràn. Nígbà tí ó bá gbà, ẹ yí PIN náà sí tiyín, kí ó má jẹ́ ọdún tí wọ́n bí yín. Bí fóònù yín bá gba síìmù méjì, ẹ ṣe é fún méjèèjì. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó lè gbé síìmù yín sínú fóònù mìíràn kó ṣiṣẹ́ láìmọ nọ́ńbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Wi-Fi

Gbogbo fóònù ló ní àmì ìdánimọ̀ kan fún Wi-Fi, tí wọ́n ń pè ní MAC address. Lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá ni, ìdajì àkọ́kọ́ sì ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Láyé àtijọ́, ibi yòówù kí ẹ gbà kọjá, àmì kan náà ni fóònù ń jù sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń wá Wi-Fi, bí ẹni tó ń ki ara rẹ̀ kiri ọjà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìparí ọdún 2016, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà níbẹ̀, TfL, gba àmì yìí sílẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ 54 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láti mọ ọ̀nà tí èrò ń gbà. Wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri, wọ́n sì yí àwọn àmì náà padà kó má baà hàn bó ṣe rí gan-an. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rí kó jọ láti ara fóònù mílíọ̀nù 5.6 lé ní mílíọ̀nù 500. Ẹni tó bá gbé Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, tó ń wọ ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú Wi-Fi ní títàn, ó ṣeé ṣe kí fóònù tirẹ̀ wà lára wọn. Kò fọwọ́ síwèé kankan, kò sì so mọ́ Wi-Fi ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kọjá lọ ni.

Àwọn tó ń ṣe fóònù ti wá nǹkan ṣe sí i. Láti Android 10 ní 2019 àti iOS 14 ní 2020, fóònù lè máa lo àmì ayédèrú, ọ̀tọ̀ fún Wi-Fi kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹni tó ti pa á lórí tiyín. Lórí Android, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi tí ẹ ń lò, ẹ wá Privacy, kí ó wà ní Use randomized MAC. Lórí iPhone, ẹ tẹ àmì i tó wà nínú òbìrìkítí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, kí Private Wi-Fi Address má ṣe wà ní Off.

Ẹ wá wo àwọn Wi-Fi àtijọ́ tí fóònù yín ṣì rántí. Mo ṣí ti àbúrò mi, mo bá òtẹ́ẹ̀lì ìgbéyàwó kan ní Abẹ́òkúta, ọsibítù kan, ilé ìjọsìn méjì àti ilé ọ̀rẹ́kùnrin tó ti kọ̀ sílẹ̀. Ìtàn ayé èèyàn nìyẹn. Fóònù mìíràn, pàápàá èyí tó ti pẹ́, a máa pe àwọn orúkọ wọ̀nyí síta bó ṣe ń wá wọn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ á gbọ́. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yan Forget. Èyí tí ẹ ṣì nílò, ẹ pa Auto-connect tàbí Auto-Join rẹ̀ bí kì í bá ṣe ti inú ilé yín.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tó gba òdìkejì ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́. Àwọn kan máa ń fi orúkọ Wi-Fi ilé wọn pamọ́ kó má baà hàn sí aládùúgbò. Nígbà tí Wi-Fi bá ti dákẹ́ orúkọ rẹ̀, fóònù yín ló máa wá máa pè é síta níbikíbi tó bá dé, torí kò mọ bóyá ó wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí orúkọ náà hàn, kí ẹ sì fún un ní páswọ́ọ̀dù tó le.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pa 2G

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, 2G, ìran kejì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ló gbé wọlé, òun náà ló ní àléébù yìí. Nínú 2G, fóònù gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn fún másìtì pé òun ni oníbàárà tòótọ́, ṣùgbọ́n másìtì kò ní fi ẹ̀rí kankan hàn fún fóònù. Ó dà bí ẹni tó dá yín dúró lójú ọ̀nà lálẹ́, tó gba ìwé ọkọ̀ yín, tí ẹ̀yin kò sì lè béèrè káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ lè gbé másìtì ayédèrú sínú ọkọ̀, kí agbára rẹ̀ ju ti tòótọ́ lọ, kí gbogbo fóònù àyíká sì rọ́ lọ bá a. Á gba IMSI lọ́wọ́ wọn. IMSI ni orúkọ tí síìmù ń jẹ́ gan-an, ó yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè yín. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ń sọ orílẹ̀-èdè: 621 ni Nàìjíríà, 616 ni Benin, 615 ni Tógò. Ẹni tó ní másìtì ayédèrú lè fetí sí ìpè, ó sì lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bí ẹni pé láti báńkì yín ló ti wá.

Láti 3G ni másìtì náà ti ń fi ẹ̀rí hàn. Nínú 3G àti 4G, IMSI ṣì lè jáde ní ìhòòhò nígbà mìíràn. Ìlànà 5G tí wọ́n gbé jáde ní 2018 ló fún ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láyè láti fi aṣọ bò ó. Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ ibi ṣe máa ń gbìyànjú láti ti fóònù wálẹ̀ sórí 2G, torí ibẹ̀ ló ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Lórí Android 12 sókè, ẹ wọ Settings, Network & internet, SIMs, ẹ yan síìmù, kí ẹ pa Allow 2G. Ìpè pàjáwìrì ṣì lè gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ní in. Bí tiyín kò bá ní in, ẹ wo Preferred network type, bóyá ẹ ó rí èyí tí kò ní 2G nínú. Lórí iPhone, Lockdown Mode ló ń pa á láti iOS 17, ṣùgbọ́n ó ń ti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn pa pẹ̀lú. Oníròyìn, agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń dọdẹ òun ni mo máa ń sọ fún pé kó lò ó. Bí ẹ bá sì ń lọ sí abúlé tó jẹ́ pé 2G nìkan ló dé ibẹ̀, ẹ tan án padà, kí ìyá yín má baà pè títí láìrí yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tí ẹ kò lè fi pamọ́ fún ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Láti December 2020 ni ìjọba Nàìjíríà ti pàṣẹ kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN. Orúkọ, ojú àti ìka ọwọ́ yín wà lẹ́yìn nọ́ńbà yín, ilé iṣẹ́ náà sì mọ másìtì tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí sétíńgì kankan tó lè bo èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bò ó fún yín ń tan yín ni.

Malte Spitz, olóṣèlú kan ní Jámánì, pe ilé iṣẹ́ Deutsche Telekom lẹ́jọ́ kó lè gba ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa fóònù rẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fún un, ìlà 35,830 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn Die Zeit fi í sórí àwòrán ilẹ̀ ní 2011, ẹ lè máa wo ọkùnrin náà bó ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin, bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jí. Ní 2013, Yves-Alexandre de Montjoye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò fún èèyàn mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, láìsí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ibi mẹ́rin, pẹ̀lú wákàtí tí èèyàn wà níbẹ̀, ti tó láti ya márùndínlọ́gọ́rùn-ún sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ẹ ro tiyín wò: ibi tí ẹ sùn sí lóru, ibi iṣẹ́ yín ní aago mẹ́wàá, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ọjà tí ẹ ń ná ní Sátidé. Mélòó ló kù tó ń ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí yín?

Nítorí náà, síìmù kejì kò sọ yín di ẹlòmíràn. Fóònù fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, IMEI. Ẹ tẹ *#06#, ẹ ó rí i. Nọ́ńbà méjì tó ń sùn lábẹ́ másìtì kan, tó ń jí níbẹ̀, tó sì ń rìn pọ̀ lójoojúmọ́, ẹni kan náà ló ni wọ́n. Síìmù tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, ẹ sá fún un. Ó lòdì sófin, ẹ kò sì mọ ohun tí wọ́n ti fi ṣe kó tó dọ́wọ́ yín. Ẹ tún lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí ẹ béèrè iye síìmù tó wà lórí NIN tiyín, kí wọ́n yọ èyí tí ẹ kò mọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ibi kan wà tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹ dé, ẹ fi fóònù sílẹ̀ nílé. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, ẹ fi sí Airplane mode kí ẹ tó jáde nílé, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, torí ibi tó ti dákẹ́ lójijì náà á wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti Bluetooth kú pẹ̀lú rẹ̀. GPS kì í sọ̀rọ̀ síta ní tirẹ̀, gbígbọ́ ló ń gbọ́ láti ojú sánmà, ṣùgbọ́n áàpù lè kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ nígbà tí dátà bá padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìpè tó ń yà sọ́nà

SS7, ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àgbáyé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àárín ọdún 1970 sí 1979 ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí wọ́n ṣì fọkàn tán ara wọn. Ní 2017, àwọn olè gba ọ̀nà yìí jí OTP (kóòdù tí báńkì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́) àwọn oníbàárà báńkì kan ní Jámánì, wọ́n sì kó owó wọn lọ. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti gbà fún yín, ẹ lo áàpù tó ń pèsè kóòdù lórí fóònù fúnra rẹ̀, bíi Google Authenticator, dípò àtẹ̀jíṣẹ́. Lórí WhatsApp, ẹ tan Two-step verification lábẹ́ Account.

Ẹ tẹ *#21# nísinsìnyí. Yóò sọ fún yín bí ẹnì kan bá ti darí ìpè yín sí nọ́ńbà mìíràn. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ ##002# láti fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun láti ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ bá òun tẹ kóòdù kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *21* tàbí **21*, ìpè yín ló fẹ́ gbà.

Ìgbésẹ̀ keje: Wi-Fi ìta, VPN àti Tor

Wi-Fi tí kò ní páswọ́ọ̀dù, ẹni tó wà nítòsí lè máa wo ohun tó ń kọjá. Lónìí, ọ̀pọ̀ ojúlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń fi HTTPS bo ohun tí ẹ ń kọ, nítorí náà páswọ́ọ̀dù yín kò sí níta gbangba bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ojúlé tí ẹ lọ ṣì ń hàn. VPN ń bo ìyẹn mọ́ onílé Wi-Fi, á wá ṣí i payá fún ẹni tó ni VPN. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa láti June 2021 sí January 2022, ẹgbàágbèje èèyàn gba VPN ọ̀fẹ́ tí wọn kò mọ olówó rẹ̀. Ó ṣí Twitter fún wọn lóòótọ́. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ń jẹ. Èyí tí ẹ ń sanwó fún, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì lórúkọ, ló dára jù.

Fún ẹni tó fẹ́ kí ojúlé tó lọ má mọ òun rárá, Tor Browser, áàpù tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, wà fún Android. Ó ń gba kọ̀ǹpútà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọjá: àkọ́kọ́ mọ̀ yín, kò mọ ibi tí ẹ ń lọ, ìkẹta mọ ibi tí ẹ ń lọ, kò mọ̀ yín. Ó ń falẹ̀. Bí ẹ bá sì wọlé sí Facebook yín nínú rẹ̀, ẹ ti fẹnu ara yín sọ orúkọ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: áàpù

Ẹ wọ Settings, Location, ẹ wo áàpù tó ní àṣẹ Allow all the time. Tọ́ọ̀ṣì kò nílò ibi tí ẹ wà. Áàpù awinni-lówó kò nílò orúkọ àwọn ará yín. Àwọn ará yín yìí ni wọ́n máa ń pè láti dójú tini nígbà tí gbèsè bá pẹ́. Google ti kà á léèwọ̀ láti 2023 fún áàpù owó yíyá láti ka nọ́ńbà àwọn tí ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ gbà láti ibòmíràn yàtọ̀ sí Play Store kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Lórí Android, lábẹ́ Privacy, Ads, ẹ tẹ Delete advertising ID, kí ẹ pa àmì tí àwọn olùpolówó ọjà fi ń mọ fóònù yín rẹ́. Lórí iPhone, Privacy & Security, Tracking, ẹ pa Allow Apps to Request to Track. Bí ẹ bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ bíi WhatsApp, láti 2024 ẹ lè fún un ní username dípò nọ́ńbà yín.

Nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ gba fóònù ẹlòmíràn nínú ilé, kí ẹ tan hotspot tiyín, kí ẹ sì wo ohun tó yọ lójú Wi-Fi rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì rí orúkọ yín níbẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní.